Ta Ló Dá Oríṣiríṣi Géèmù Orí Ayélujára Sílẹ̀?

  

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí géèmù àjọṣe orí ayélujára ṣe gbilẹ̀, tó sì pín sí oríṣi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Mo ti gé e kù sí ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló dá oríṣiríṣi géèmù wọ̀nyí sílẹ̀? Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pawó lórí wọn ni, àbí àwọn ènìyàn tó ń ṣe wọ́n? Ìdáhùn tí mo mú wá ni pé àwọn tó ń ṣe wọ́n ni. Ilé iṣẹ́ ló ń náwó, òun náà ló ń kówó jọ. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní oríṣi géèmù lónìí, ọwọ́ olùṣeré ló ti kọ́kọ́ jáde, ilé iṣẹ́ kàn tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ni. Bí a bá ṣi ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ mọ̀, a ó ṣi ẹni tó yẹ ká bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ̀ pẹ̀lú. Òbí á máa bá fóònù jà, aṣòfin á máa ka wákàtí.

1. Kí ni mo ń pè ní géèmù àjọṣe?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pààlà. Ayò ọlọ́pọ́n tí gbogbo wa mọ̀ ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48. Ènìyàn méjì ló ń ta á, àwọn òǹwòran á yí wọn ká, wọn á máa fi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣòfo ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀ta kò lè jẹ́ ọ̀ta láìsí òpè níwájú rẹ̀. Ohun tó ń mú ayò dùn kò sí nínú igi tí wọ́n gbẹ́. Ẹni tó jókòó kọjú sí ọ ló gbé e wá. Ìpìlẹ̀ eré àjọṣe nìyẹn.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní àdúgbò yín. Tẹlifíṣọ̀n kan, pádì méjì, bẹ́ǹṣì kan. Àwọn ọmọ méjì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, àwọn mẹ́ta dúró lẹ́yìn wọn, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde kí ẹni tó kàn lè jókòó. Àjọṣe ni, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ ti orí ayélujára, nítorí pé ojú kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Èyí tí mo ń sọ lónìí gbọ́dọ̀ ní àmì mẹ́ta. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló gbọ́dọ̀ wà lódì kejì. Ọ̀nà gbọ́dọ̀ jìn láàárín wọn, kó jẹ́ pé okùn tàbí afẹ́fẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Ohun tí ẹnìkan bá sì ṣe gbọ́dọ̀ yí ohun tí ẹnìkejì ń rí padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan tún ní àmì kẹrin: ayé inú wọn kì í dáwọ́ dúró. Wàá pa kọ̀ǹpútà rẹ, wàá lọ sùn, àwọn ẹlòmíràn á ṣì máa rìn, wọn á máa rajà, wọn á máa jà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Oríṣi ńkọ́? Mi ò ka orúkọ sí oríṣi. Orúkọ géèmù ò lóǹkà. Ohun tí mo ń pè ní oríṣi ni iṣẹ́ tí wọ́n pe èèyàn wá ṣe nínú rẹ̀: ṣé kó yìnbọn ni, kó kọ́lé ni, kó ṣòwò ni, kó ṣọ́ ibùdó ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àbí kó jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó kù láàyè láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ìtumọ̀ yìí mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé mi dúró lé.

2. Láti Essex

Ní ọdún 1978, ní yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í kọ géèmù kan tó pè ní MUD. Ní 1980, ó fà á lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Richard Bartle, lọ́wọ́. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ fún ọ pé ojú ọ̀nà tóóró kan lo dúró sí. Ìwọ náà á tẹ̀ ẹ́ pé o fẹ́ lọ sí àríwá. Bí ẹlòmíràn bá wà ní ọ̀nà yẹn, wàá rí orúkọ rẹ̀. Ẹ lè jọ sọ̀rọ̀, ẹ sì lè jà. Àwọn ará ìta a máa gba ojú wáyà tẹlifóònù wọ inú kọ̀ǹpútà yunifásítì náà ní òru, nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀ lórí rẹ̀.

Nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. PLATO jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ṣe fún ìkọ́ni. Láti 1973 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi í bá ara wọn jagun ọkọ̀ òfuurufú nínú géèmù tí wọ́n pè ní Empire. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn fún. Àwọn tó ń lò ó ló pinnu pé yóò tún ṣe nǹkan mìíràn.

Ohun tó mú mi mẹ́nu ba Bartle ju ti géèmù rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà olùṣeré MUD jiyàn fún oṣù púpọ̀ láàárín ara wọn lórí ohun tí èèyàn ń wá nínú eré yìí. Bartle ṣa iyàn náà jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1996. Ó rí ọ̀nà mẹ́rin tí èèyàn ń gbà. Àwọn kan ń wá ipò àti máàkì. Àwọn kan fẹ́ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tó wà nínú ayé náà. Àwọn kan kò wá nǹkan kan ju pé kí wọ́n rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù, ayọ̀ wọn ni kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. Títí dòní, àwọn tó ń kọ géèmù ṣì ń lo ìpín mẹ́rin yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu àwọn tó ń ṣeré ló ti wá. Ìfẹ́ mẹ́rin yìí kì í gbé ibì kan náà kó má dàrú, ìdàrúdàpọ̀ náà ló sì ń bí oríṣi.

3. Ọba tí wọ́n pa, àti ayé tí wọ́n pín sí méjì

Ní oṣù kẹsàn-án 1997, Richard Garriott àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas gbé Ultima Online jáde. Wọ́n ti ṣètò kí ẹranko inú rẹ̀ máa gbé bí ẹran igbó tòótọ́: kí ẹran ńlá máa pa ẹran kékeré jẹ, kí wọ́n máa pọ̀ sí i, kí ọdẹ má baà pa wọ́n tán. Àwọn olùṣeré ya wọlé, wọ́n pa gbogbo ohun tó ń rìn. Kò sí ẹran tó ráyè gbèrú. Ètò tí wọ́n fi làágùn yẹn di ohun tí wọ́n yọ dànù.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún kan náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò, Garriott fúnra rẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí Lord British, ọba ilẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n ti ṣe kí ohunkóhun má lè pa. Ẹ̀rọ kú, wọ́n tún un tàn, kò rántí dá ààbò náà padà sára. Olùṣeré kan ju iná sí i, ọba kú lójú èrò.

Ìtàn yẹn ni wọ́n máa ń sọ jù, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀lé e ló jẹ mí lógún. Àwọn kan sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa lúgọ de àwọn àlejò lójú ọ̀nà, kí wọ́n pa wọ́n, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ní 2000, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà pín ayé rẹ̀ sí méjì: Felucca, níbi tí ìpànìyàn ti ń lọ bó ṣe wà, àti Trammel, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pa ọ́ láìjẹ́ pé ìwọ náà gbà láti jà. Nígbà tí World of Warcraft dé ní oṣù kọkànlá 2004, ó gbé irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi ìjà, ibi àlàáfíà. Ní 2010, mílíọ̀nù 12 ènìyàn ló ń sanwó fún un. Oríṣi méjì ni wọ́n ń yàn nínú rẹ̀, ìwà àwọn olè ojú ọ̀nà inú Ultima Online ló sì kọ́kọ́ là wọ́n sọ́tọ̀.

4. Àwọn tó tú u, tí wọ́n tún un tò

Níbí ni ẹ̀rí mi ti lágbára jù lọ, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Valve ṣe géèmù kan ní 1998, Half-Life. Ní 1999, àwọn ọ̀dọ́ méjì, Minh Le àti Jess Cliffe, tú u, wọ́n tún un tò. Ẹgbẹ́ méjì ló wà nínú tiwọn: ọ̀kan ń ri bọ́ǹbù, èkejì ń wá bí á ṣe paná rẹ̀. Bí wọ́n bá pa ọ́, wàá jókòó máa wòran títí ìpele yẹn á fi parí, nítorí náà ẹ̀mí níye lórí nínú rẹ̀. Wọ́n pè é ní Counter-Strike, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2000, Valve rà á lọ́wọ́ wọn, ó sì gbà wọ́n síṣẹ́.

Ìtàn kejì gùn ju ìyẹn lọ. Nínú StarCraft, géèmù ogun tí ilé iṣẹ́ Blizzard ṣe ní 1998, irinṣẹ́ kan wà tí olùṣeré lè fi ya àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹnìkan fi ya ọ̀kan tó pè ní Aeon of Strife: dípò kí o darí odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, akọni kan ṣoṣo lò ń darí. Nígbà tí Warcraft III jáde ní 2002, olùṣeré mìíràn tí wọ́n mọ̀ sí Eul gbé èrò náà lọ síbẹ̀, ó pè é ní Defense of the Ancients, ìyẹn DotA. Eul fi í sílẹ̀, àwọn mìíràn gbà á. Steve Feak tún un ṣe, ó sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Níkẹyìn ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí IceFrog nìkan. Títí dé ibẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ tó ni ín. Nígbà tó yá ni owó tó wọ̀ ọ́. Feak lọ bá ilé iṣẹ́ Riot Games, wọ́n gbé League of Legends jáde ní oṣù kẹwàá 2009. Valve gba IceFrog, Dota 2 sì jáde ní 2013. Ilé iṣẹ́ ńlá méjì ló jókòó sórí ohun tí àwọn olùṣeré fi ọwọ́ ara wọn hun lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀bùn ìdíje Dota 2 pàápàá, àpò àwọn olùṣeré ló ti ń jáde. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje náà, The International, ní 2011, kí géèmù náà tó jáde fún gbogbo ènìyàn, ilé iṣẹ́ fi $1,000,000 fún ẹgbẹ́ tó gba ipò kìíní. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìwé àkànṣe tí olùṣeré bá rà yóò máa wọ àpò ẹ̀bùn. Ní 2021, àpò náà ti tó nǹkan bí $40,000,000.

Ìtàn kẹta nìyí. Brendan Greene, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń gbé ní Bràsíl nígbà náà, tún géèmù ológun kan tò: ọ̀pọ̀ ènìyàn já bọ́ sórí ilẹ̀ kan náà láìní ohun ìjà, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò jáde. Fíìmù ilẹ̀ Japan kan ló fún un lérò náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Kòríà Gúúsù ránṣẹ́ pè é, PUBG sì jáde ní 2017. Fortnite tó ti jáde ní oṣù keje ọdún náà gẹ́gẹ́ bí oríṣi mìíràn pátápátá, kíá ló ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe kíákíá yẹn ló gba ayé.

Oríṣi mẹ́ta ni mo kà yìí: ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìbọn, ìjà akọni, àti ìjà àjẹkù. Púpọ̀ nínú géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí fẹ́ràn ló wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní yàrá ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́. Olùṣeré ló dá wọn sílẹ̀.

5. Ogun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀

Nínú ìtàn mẹ́ta yẹn, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà kọ ni mo ń sọ nípa wọn. Ẹlòmíràn lè ní àwọn yẹn kéré níye. Ó dára, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí kò kọ nǹkan kan rí.

Ilé iṣẹ́ CCP ní Reykjavik, ní Iceland, gbé EVE Online jáde ní 2003. Ayé kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùṣeré jọ ń gbé nínú rẹ̀. Ọkọ̀, ọjà, ilẹ̀ àti ẹgbẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gba àgbègbè kan gbọ́dọ̀ máa san owó rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2014, owó àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní B-R5RB kò wọlé lásìkò. Àwọn ọ̀tá rí i pé àgbègbè náà ti di aláìlólúwa, wọ́n ya bò ó. Àwọn tó ni ín pe ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ pe ọ̀rẹ́. Ó ju 7,000 ènìyàn lọ tó wọ ìjà náà. Kí ẹ̀rọ má baà ṣubú lulẹ̀, CCP ní ọ̀nà tó fi ń fa àsìkò gùn: ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú àáyá 1 á gba 10. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jà fún ohun tó lé ní wákàtí 20, tí àwọn kan lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n padà dé, tí ogun ò tíì parí. Ọkọ̀ ńláńlá 75 tí wọ́n ń pè ní Titan ló run. Nígbà tí wọ́n ṣírò àdánù náà sí owó gidi, ó tó nǹkan bí $300,000.

CCP kò ṣètò ogun náà, kò sì mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣe kò ju pé ó fi òfin owó àgbègbè lélẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́. Ó ti gbà pàápàá pé olùṣeré ló ni ayé yẹn ju òun lọ: láti 2008, àwọn olùṣeré ń dìbò yan aṣojú tí ilé iṣẹ́ ń gbà lálejò ní Reykjavik láti jíròrò bí wọ́n á ṣe tún géèmù náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kò sì mọ sórí ogun. Ní 2014, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àìsàn ti gba agbára ara rẹ̀ kú ní Norway. Ó jẹ́ ẹni ọdún 25. Àwọn òbí rẹ̀ ti rò pé ó dá wà títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n kéde ikú rẹ̀ níbi tó máa ń kọ̀wé sí, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan nínú World of Warcraft: ẹni tó gbà nímọ̀ràn, ẹni tó pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ rẹ̀. Àwọn kan wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀, ó jáde ní 2024. Mi ò lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lójú mi mọ́ pé gbogbo rẹ̀ kò ju fífi àkókò ṣòfò lọ.

6. Àtakò: ta ló ni okùn?

Ọ̀mọ̀wé kan lè dìde kó ní: olùkọ́, ẹ ti gbàgbé okùn. Láìsí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó so àwọn olùṣeré pọ̀, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára, ibo ni àwọn olùṣeré yín fẹ́ dúró? Kó sì tọ́ka sí Kòríà Gúúsù, níbi tí ìjọba ti náwó sórí íntánẹ́ẹ̀tì oníyára lẹ́yìn ìdààmú ọrọ̀ ajé 1997, tí ilé géèmù tí wọ́n ń pè ní PC bang sì kún gbogbo àdúgbò.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ará Kòríà fi okùn náà ṣe. Ní California ni wọ́n ti ṣe StarCraft, kò sì sí ẹni tó rò ó níbẹ̀ pé yóò di eré tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Inú PC bang ni ìyẹn ti hù. Okùn ló ń sọ ẹni tó máa wọlé. Ẹni tó wọlé ló ń sọ ohun tí eré náà máa dà. Mo gba àtakò náà dé ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti kan àwa gan-an.

Ìmọ́lẹ̀ inú okùn gíláàsì abẹ́ òkun ń sáré nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé London tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà lójú òfuurufú. Àlọ àti àbọ̀ di 10,000, ìyẹn ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú àáyá kan, ká tó ka ìyípo tí okùn ń gbà létí òkun. Ojú géèmù sì ń yí padà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán mẹ́ta ti kọjá lójú ẹni tó wà ní London kí ìdáhùn tó padà dé Èkó, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ géèmù tó gbajúmọ̀, Yúróòpù tàbí Gúúsù Áfíríkà ni sẹ́fà wọn tó súnmọ́ wa jù wà.

Láti 1996 ni John Carmack, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ géèmù, ti wá ọgbọ́n kan sí ìfàsẹ́yìn yìí nínú géèmù QuakeWorld: kọ̀ǹpútà rẹ á ti gbé ọ rìn kí sẹ́fà tó fọwọ́ sí i; bí sẹ́fà bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, á dá ọ padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ọmọ yín fi ń pariwo nínú yàrá pé òun ti wọ ẹ̀yìn ògiri kí wọ́n tó yìnbọn. Kò parọ́. Lójú fóònù rẹ̀, ó ti wọ ibẹ̀. Lójú sẹ́fà, ó ṣì wà ní gbangba. Wọ́n á ní òpè ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ló jìn sí i. Nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun kan sì já létí òkun Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta 2024, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ géèmù mọ́, nítorí pé báńkì pàápàá ń fà.

7. Ẹni tó yẹ ká bá sọ̀rọ̀

Díẹ̀ ni mo máa sọ lórí òfin. Ní 2021, Ṣáínà ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 máa ṣe géèmù orí ayélujára fún wákàtí kan péré, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ní ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. Kòríà Gúúsù ti ṣe òfin tó ń lé ọmọdé kúrò lórí géèmù lóru láti 2011, ó sì ti fagi lé e. Bẹ́ljíọ̀m ní tirẹ̀ kọjú sí àpótí oríire tí ilé iṣẹ́ ń tà láìjẹ́ kí ẹni tó ń rà á mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti kà á sí tẹ́tẹ́. Tèmi ni pé Bẹ́ljíọ̀m ló rí ọ̀nà. Owó tí wọ́n ń fi ọgbọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọdé, ọwọ́ ilé iṣẹ́ ló ti wá, òun ni kí òfin dì mú. Ìwà tí ọmọ ń bá pàdé nínú géèmù, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é ló ti ń wá, kò sì sí òfin wákàtí tó lè sọ fún òbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bá rìn níbẹ̀. Òbí ló máa jókòó tì í, kó béèrè orúkọ wọn, bó ṣe máa ń béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ tó bá a wá sílé.

Ní tiwa, ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe é: Free Fire, Call of Duty: Mobile, eFootball. Ẹni tó ní fóònù nìkan lè ṣeré, ṣùgbọ́n kò lè tú u, kò lè tún un tò. Kọ̀ǹpútà ni Minh Le lò, òun náà ni Eul lò. Roblox, tó ti wà láti 2006, jẹ́ kí olùṣeré máa ṣe géèmù tirẹ̀ fún àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é wà. Èyí ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá yunifásítì tó wà níbí. Yàrá kọ̀ǹpútà yín ń tì ní ìrọ̀lẹ́. Essex ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ lóru fún àwọn tí kì í tilẹ̀ ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹ ṣí tiyín ní òru méjì lọ́sẹ̀, ẹ fi olùṣọ́ kan àti jẹnẹrétọ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wọlé.